Bí Ọmọ Yín Bá Ní Òun Fẹ́ Di Dókítà Wèrè

Ní apá ibi tiwa yìí ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, láti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè dé Arámọkọ, títí lọ dé Ìjerò àti Ìpotì, a kò ní ohun ìyangàn tó ju ìwé tí àwọn ọmọ wa kà lọ. Ìyá a ta iṣu, baba a fi oko kòkó dógò, kí ọmọ lè wọ yunifásítì. Bí ọmọ náà bá wá lọ mú iṣẹ́ ìṣègùn, ìdúpẹ́ ọjọ́ Ìsinmi náà kì í gba inú ṣọ́ọ̀ṣì tán.

Ṣùgbọ́n láti bí ọdún mélòó kan, ìbéèrè kan ń dé ọ̀dọ̀ wa tí kì í dé tẹ́lẹ̀. Àwọn òbí ń bi wá pé, "Pásítọ̀, ọmọ wa ti ka ìwé dókítà, ó wá ní nínú gbogbo iṣẹ́ dókítà, wèrè ni òun fẹ́ máa tọ́jú. Kí ni ká ti ṣe é?" Ìdílé kan jẹ́ ará Arámọkọ. Ọmọkùnrin wọn jáde ní Adó, ó ti sin ìjọba tán, ó sì fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ àìsàn ọpọlọ. Ìdílé kejì jẹ́ ará Ìjerò. Amẹ́ríkà ni ọmọbìnrin tiwọn wà, ó kù díẹ̀ kí ó parí ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kan tí wọ́n ń pè ní osteopathic. Ìyá ọmọ yìí ti gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta kí Ọlọ́run lè yí i lọ́kàn padà sí iṣẹ́ abẹ. Nítorí ìdílé méjèèjì, àti nítorí àwọn mìíràn tí wọ́n ń rò ó sínú láìsọ ọ́, ni a ṣe kọ èyí. Èrò tiwa ni pé kí ẹ jẹ́ kí ọmọ náà lọ. A ó sì sọ ìdí rẹ̀.

OHUN TÓ Ń BÀ WÁ LẸ́RÙ

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Orúkọ ló kọ́kọ́ ń dẹ́rù bà wá. Bí a bá fẹ́ bú ènìyàn, a ó ní Àró ló yẹ kí wọ́n gbé e lọ. Àwọn ará Èkó a ní Yábà Lẹ́fùtì. Ta ni yóò fẹ́ kí orúkọ ọmọ òun so mọ́ irú ibẹ̀? Àwọn àgbà ní wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Ó wá dà bí ẹni pé ẹni tí yóò tọ́jú wèrè náà kò ṣe é bí lọ́mọ.

Ìyá kan bi wá bóyá òótọ́ ni pé ẹni tó bá pẹ́ nídìí ìtọ́jú wèrè, díẹ̀ yóò ràn án. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àìsàn ọpọlọ kì í ràn bí ikọ́ ife, kì í ti ara aṣọ tàbí ìkíni wọlé. Wárápá pàápàá, tí àwọn ènìyàn máa ń sá fún nítorí itọ́ tó ń yọ lẹ́nu ẹni tó ṣubú, kì í ràn. Ẹ rò ó wò: ọmọ ṣubú lẹ́bàá iná ìdáná, àwọn tó lè fà á kúrò dúró, wọ́n ń wò ó, torí itọ́ tí kò lè ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Iṣẹ́ dókítà ọpọlọ ní ilẹ̀ wa kan wárápá náà, oògùn rẹ̀ sì wà.

Iṣẹ́ náà gbòòrò ju ti ẹni tó ń ṣa ìdọ̀tí kiri ọjà lọ. Àbísínwín wà níbẹ̀, ìyẹn ìyá tí orí rẹ̀ dàrú lẹ́yìn ìbímọ. Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì bá débi tí kò lè jẹ, tí kò lè sùn, tí ikú sì ń wù ú, ọ̀dọ̀ wọn ni. Ọmọkùnrin tí igbó àti tramadol ti ba ayé rẹ̀ jẹ́, ọ̀dọ̀ wọn náà ni. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá arúgbó tó ń ṣarán, tó gbàgbé ọ̀nà ilé, tí àwọn ọmọ tó bí sì ti ń pè ní àjẹ́. Bí ẹ bá wo inú ìjọ yín dáadáa lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ẹ ó rí i pé àwọn tí dókítà yìí ń tọ́jú kò jìnnà sí ìjókòó yín.

Ní ti owó, ìyẹn kò gbà wá lákòókò. Nínú ilé-ìwòsàn ìjọba, ìlànà owó oṣù kan náà ni dókítà àgbà tó ń tọ́jú ọpọlọ àti èyí tó ń la inú wà. Ní ti pé ta ni yóò fẹ́ ẹ, ẹ bá wa béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyàwó àwọn tó ń ṣe é.

OHUN TÓ WÀ NÍLẸ̀ NÍGBÀ TÍ ÌSỌJÍ DÉ

Ìdí mìíràn wà tó jinlẹ̀ ju ti orúkọ lọ. Ilẹ̀ ìsọjí ni ilẹ̀ wa. Ní 1930, ọdún tí ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oòyè ní Iléṣà, ni Joseph Ayọ̀ Babalọlá gbé ìhìn náà dé Ẹ̀fọ̀n. Ẹ̀fọ̀n náà ni wọ́n sin ín sí lẹ́yìn tó sùn nínú Olúwa ní 1959. Ẹ̀kọ́ ìwòsàn nípa àdúrà tí àwọn baba wa gbà nígbà náà, débi pé ẹlòmíràn kò jẹ́ fi ẹnu kan kíníìnì, òun ló tọ́ ọ̀pọ̀ wa dàgbà. A kò ní bá ẹnikẹ́ni bú àwọn baba.

Ṣùgbọ́n kí ni ó wà nílẹ̀ fún wèrè ní 1930? Ilé wèrè ti Yábà ti ṣí láti 1907, àmọ́ ibi ìtìmọ́lé ni, kì í ṣe ibi ìwòsàn. Ní gbogbo ayé nígbà náà, kò sí oògùn tó lè mú ohùn tí wèrè ń gbọ́ dákẹ́. Èyí tí àwọn òyìnbó ní kò ju ohun tó ń mú ènìyàn sùn lọ. 1952 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí lo oògùn chlorpromazine fún wèrè ní ilẹ̀ Faransé, àwọn oògùn mìíràn sì tẹ̀ lé e. Nítorí náà, ẹni tó gbé ọmọ rẹ̀ gun orí òkè àdúrà ní 1930 kò kọ ìwòsàn ilé-ìwòsàn sílẹ̀, torí kò sí níbẹ̀ láti kọ̀. Ẹni tó ń kọ̀ ọ́ lónìí ń kọ ohun tó wà.

Ohun kan tún wà tó máa ń pa wá lẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ Yorùbá ti ń lo gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ fún wèrè. Ní 1952 kan náà ni àwọn òyìnbó yọ oògùn reserpine láti ara igi ilẹ̀ Íńdíà kan tó jẹ́ ẹbí asofẹ́yẹjẹ. Ọlọ́run ti fi nǹkan sínú igbó wa kí ọkọ̀ òyìnbó tó gúnlẹ̀.

ỌMỌ ABẸ́ÒKÚTA KAN

Ẹni tó yí ọ̀rọ̀ náà padà ní Nàìjíríà, ọmọ Yorùbá ni. Thomas Adeoye Lambo, tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta ní 1923, kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kọ́ ti ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó dé, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àró ní 1954. Kò dúró de ilé ńlá. Ó lọ bá àwọn ará abúlé tó yí ibẹ̀ ká, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé wọn, kí wọ́n sì gba owó ilé. Àdéhùn kan wà nínú rẹ̀: aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ìyá, tàbí ẹ̀gbọ́n, tàbí ìyàwó gbọ́dọ̀ bá a wá, kí ó máa se oúnjẹ fún un. Lójúmọ́ wọ́n á lọ gba ìtọ́jú ní ilé-ìwòsàn, wọ́n á sì padà sí abúlé láàárín àwọn ènìyàn tó ń ṣoko, tó ń ṣeré, tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ènìyàn.

Ẹ wo bí ó ṣe rọrùn tó. Ọ̀nà tí ilé wèrè ti òyìnbó gbà ń ṣe é ni pé kí wọ́n mú aláìsàn kúrò láàárín àwọn ẹbí rẹ̀, kí wọ́n sì tìlẹ̀kùn. Lambo ní kí ẹbí bá a wọlé. Àwọn oníṣègùn ọpọlọ láti ilẹ̀ Áfíríkà àti òkè òkun péjọ sí Abẹ́òkúta ní 1961, iṣẹ́ náà sì di ohun tí wọ́n ń sọ káàkiri ayé. Lambo di olórí Yunifásítì Ìbàdàn lẹ́yìn náà, ó tún di igbákejì olórí àjọ ìlera àgbáyé, ó kú ní 2004. Ó bá àwọn babaláwo ṣiṣẹ́ pọ̀ ní Àró, àwa Kristẹni kò sì lè fọwọ́ sí gbogbo ìyẹn. Ṣùgbọ́n ti pé kí ẹbí má fi aláìsàn sílẹ̀, inú Bíbélì ni a ti bá a, bí òun kò bá tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀.

ỌRỌ̀ ṢÉÈNÌ

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn wá jù ni a dé yìí.

A mọ arábìnrin kan ní abúlé kan lẹ́yìn Arámọkọ. Ọjọ́ kẹfà tó bí ọmọ rẹ̀ kẹta, oorun kọ̀ ọ́. Ó ń sọ̀rọ̀ láìdánu dúró, ó ní wọ́n ti pààrọ̀ ọmọ òun, pé èyí tó wà lórí ẹní kì í ṣe tòun. Àwọn ẹbí gbé e lọ sí ilé àdúrà kan tí a kò ní dárúkọ. Wọ́n fi ṣéènì so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ òpó, wọ́n ní ààwẹ̀ ọjọ́ méje ni yóò gbà. Wàrà ń dà sí aṣọ lára rẹ̀. Ọmọ tuntun wà nílé lọ́wọ́ ìyá àgbà, omi ṣúgà ló ń mu. Nígbà tí ọjọ́ méje pé tí kò sí àyípadà, wọ́n tún fi mẹ́ta lé e.

Àbúrò rẹ̀ kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló wá gbé e kúrò níbẹ̀ lọ sí ilé-ìwòsàn ńlá. Dókítà tó gbà á lóru ọjọ́ náà kò tíì di dókítà àgbà. Ó ṣì wà lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́, ìyẹn ipò náà gan-an tí ọmọ tiyín ń wá. Nọ́ọ̀sì yìí sọ fún wa pé ohun tí dókítà náà kọ́kọ́ ṣe ni pé ó jókòó, ó bi í ní orúkọ rẹ̀, ó sì bi í bóyá ó ti jẹun. Wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n fún un ní oúnjẹ, ó sùn. Kí oṣù méjì tó pé ó ti ń pọn ọmọ rẹ̀ kiri àdúgbò. Ó ti padà sí ẹgbẹ́ akọrin báyìí. Àpá ṣéènì ṣì wà ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ ló fi ń bò ó.

Àbísínwín wà lára àwọn àìsàn ọpọlọ tó máa ń gbọ́ ìtọ́jú jù lọ bí wọ́n bá tètè dé ilé-ìwòsàn. Ohun tó mú un le ni pé a máa ń pẹ́.

Kì í ṣe ilé àdúrà kan ṣoṣo. Ní 2019, àjọ Human Rights Watch tẹ ìwé jáde lórí ohun tí wọ́n rí ní ibi 28 ní Nàìjíríà, láti ilé-ìwòsàn ìjọba dé ilé oníṣègùn ìbílẹ̀, ilé kéú àti ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí wọ́n ti ń fi ṣéènì so aláìsàn ọpọlọ mọ́lẹ̀. Orúkọ Jésù wà lára pátákó àwọn kan nínú wọn. Ní oṣù kìn-ín-ní 2023, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tó rọ́pò òfin àtijọ́ ti ayé àwọn òyìnbó, ó sì sọ ẹ̀tọ́ aláìsàn kalẹ̀. Ó yẹ kí gbogbo pásítọ̀ tó ní ilé àdúrà wá òfin náà kà.

Ẹnìkan yóò béèrè pé, ẹ̀mí èṣù ńkọ́? A gbà pé ó wà. A ń lé e jáde ní orúkọ Jésù, a kò sì ní dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo Mátíù orí 4, ẹsẹ 24. Níbẹ̀, ọ̀tọ̀ ni Mátíù ka àwọn ẹlẹ́mìí èṣù, ọ̀tọ̀ ni ó ka àwọn tí orí wọn kò pé, ọ̀tọ̀ ni àwọn arọ. Bí Ìwé Mímọ́ bá yà wọ́n sọ́tọ̀, kí ló dé tí àwa ń dà wọ́n pọ̀? Ẹ tún wo ọkùnrin ará Gádárà nínú Máàkù orí 5. Àwọn ará ìlú ló ti fi ẹ̀wọ̀n dè é. Jésù kò béèrè fún ẹ̀wọ̀n kankan. Nígbà tí àwọn ènìyàn padà wá wò ó, ó jókòó, ó wọ aṣọ, iyè rẹ̀ sì ti sọ.

Ọmọ yín tó fẹ́ di dókítà ọpọlọ, ibi tí wọ́n ti ń tú ṣéènì ni ó fẹ́ lọ dúró. A kò mọ iṣẹ́ tó tún ju ìyẹn lọ tí ẹ fẹ́ kó mú.

Ọ̀NÀ TI ILÉ

Kí òbí tó wà nílé má rò pé ọmọ náà ń wá iṣẹ́ ìrọ̀rùn, ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni yunifásítì, bí kò bá sí ìdaṣẹ́sílẹ̀. Ọdún kan ni house job, tí wọ́n máa ń fi oṣù mẹ́ta mẹ́ta ṣe ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Ọdún kan ni ti NYSC. Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò tí wọ́n ń pè ní Primary, tó wà lábẹ́ National Postgraduate Medical College tàbí West African College of Physicians. Ìgbà tó bá yege ni yóò tó wá àyè ní ilé-ìwòsàn tó ní àṣẹ láti kọ́ni, irú bí UCH ní Ìbàdàn, ilé-ìwòsàn yunifásítì Ifẹ̀, Àró tàbí Yábà. Bí ọdún mẹ́fà ni yóò lò níbẹ̀, pẹ̀lú ìdánwò láàárín àti ìdánwò ìparí, àti ìwé ìwádìí tí yóò fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọdún mẹ́rìnlá.

Àwọn òbí máa ń fọwọ́ lérí bí a bá dé ibí yìí. Ẹ fara balẹ̀. Láti house job ni wọ́n ti ń san owó oṣù fún un. Dókítà tó wà lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́ kì í san owó ilé-ìwé, òṣìṣẹ́ ni. Ohun tó máa ń wọ́n ni owó ìdánwò, ìwé, àti ọkọ̀ lọ sí ibi ìdánwò.

Bó bá parí, ṣé yóò dúró nílé? A kò lè ṣe ìlérí ìyẹn fún yín. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ fúnra wọn ti ń sọ pé àwọn kò tó 300 fún orílẹ̀-èdè tó ti ju 200 mílíọ̀nù ènìyàn lọ, Lọ́ńdọ̀nù àti ilẹ̀ Lárúbáwá sì ń pe àwọn tó wà. Ó dára kí ẹ mọ̀ pé ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ wà ní ilé-ìwòsàn yunifásítì ti ìpínlẹ̀ wa ní Adó, ó sì wà ní ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì. Ará Ẹ̀fọ̀n tó bá gba Ìta-Awúre àti Arámọkọ yóò dé Adó láàárọ̀, yóò sì padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Kò di dandan kó dé Abẹ́òkúta. Bẹ́ẹ̀ àwọn kan nínú wa kò mọ̀ títí di òní.

Ọ̀NÀ TI AMẸ́RÍKÀ

Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin ará Ìjerò ní ìdí tirẹ̀. Orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló da àwọn òbí láàmú. Ẹnìkan tú osteopathic fún bàbá rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ eegun ni, ni bàbá bá fárígá: "Ṣé àwọn tó ń to eegun ni ọmọ mi lọ bá ní Amẹ́ríkà, tó sì ku ti pé ó tún fẹ́ gba ibẹ̀ bọ́ sọ́dọ̀ wèrè?"

Bí ó ṣe rí nìyí. Ọkùnrin kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Andrew Taylor Still. Oníwàásù ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tó tún ń tọ́jú aláìsàn ni bàbá rẹ̀. Ní 1864, àrùn yírùnyírùn pa mẹ́ta nínú àwọn ọmọ Still, gbogbo oògùn tó mọ̀ kò sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìbànújẹ́ yẹn ló mú kó wá ọ̀nà mìíràn, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ tọ́jú eegun àti ẹran ara. Ó ṣí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ìlú Kirksville ní 1892, obìnrin sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà. Ilé-ẹ̀kọ́ irú rẹ̀ ti pọ̀ lónìí. Gbogbo ohun tí dókítà yòókù ń kọ́ ni wọ́n ń kọ́: oògùn, iṣẹ́ abẹ, ìgbẹ̀bí, ọpọlọ. Ti ọwọ́ yẹn kàn jẹ́ àfikún ni. Lẹ́tà tó ń tẹ̀ lé orúkọ wọn ni DO dípò MD, àṣẹ tí àwọn méjèèjì ní ní gbogbo ìpínlẹ̀ 50 Amẹ́ríkà sì dọ́gba.

Ìkìlọ̀ kan fún ẹ̀yin tó ní ẹbí ní ìlú ọba: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí wọ́n ń pè ní osteopath kì í ṣe dókítà oníṣègùn. Iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ni tirẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ̀gbọ́n tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù bá sọ fún yín pé wọ́n ti tan ọmọ yín jẹ, ibi tó wà ni ó fi ń sọ̀rọ̀.

Láti 2020 ni àwọn DO àti MD ti wà lábẹ́ ètò ìkọ́ṣẹ́ kan náà ní Amẹ́ríkà. Ti ọpọlọ jẹ́ ọdún mẹ́rin. Akẹ́kọ̀ọ́ DO gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò tirẹ̀ tó ń jẹ́ COMLEX. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tún ń ṣe USMLE ti àwọn MD, torí àwọn ilé-ìwòsàn kan ṣì ń béèrè fún un. Kí ọmọ yín tètè wádìí èyí lọ́dọ̀ àwọn ilé-ìwòsàn tó wù ú kó tó náwó. Láti 2022, wọn kò fún ìpele kìn-ín-ní ìdánwò méjèèjì ní máàkì mọ́, ó yege tàbí kò yege ni. Ìpele kejì ló wá gbé ẹrù náà. Wọ́n tún ń wo ìwé ẹ̀rí láti ọwọ́ àwọn dókítà ọpọlọ tó ti bá ṣiṣẹ́.

Oṣù kẹsàn-án ni ìwé ìwáṣẹ́ ń wọlé, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò á wá tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò to orúkọ ilé-ìwòsàn bó ṣe wù ú, ilé-ìwòsàn náà yóò to orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ bó ṣe wù wọ́n, kọ̀ǹpútà ni yóò so wọ́n pọ̀. Oṣù kẹta ni èsì ń jáde. Lọ́jọ́ Ajé wọ́n á sọ fún un bóyá ó rí àyè. Ó di ọjọ́ Ẹtì kí wọ́n tó sọ ibi tó wà. Ibi tí wọ́n bá sọ náà ló gbọ́dọ̀ lọ, ìbáà jẹ́ ibi tí yìnyín ti ń bọ́ ní oṣù márùn-ún lọ́dún.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà tún gbọ́dọ̀ kọ ojú-ewé kan lórí ìdí tó fi yan iṣẹ́ yìí. Ọmọbìnrin wa ka tirẹ̀ sí ìyá rẹ̀ létí lórí fóònù. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tó kúrò ní Ìjerò. Ó ní, "Màámi, ẹ rántí Bọ̀ọ̀dá tí wọ́n so mọ́ ìdí àgbálùmọ̀ lẹ́yìnkùlé? Gbogbo wa á máa jẹun nínú ilé, òun á máa pe orúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ní ká má dáhùn." Ìyá rẹ̀ sọ fún wa pé òun kò mọ̀ rárá pé ọmọ náà rántí. Kò tíì dá ọmọ náà lóhùn lórí iṣẹ́ tó yàn. Ṣùgbọ́n kò bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ kejì.

ṢÉ YÓÒ SỌ ÌGBÀGBỌ́ RẸ̀ NÙ?

Àwọn òbí kan ń bẹ̀rù pé bí ọmọ bá lọ kọ́ iṣẹ́ ọpọlọ, wọn yóò kọ́ ọ pé ẹni tó bá ní Ọlọ́run bá òun sọ̀rọ̀ ti ya wèrè. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn nìyẹn. Wọ́n ń kọ́ wọn pé kí wọ́n tó pe ìgbàgbọ́ ènìyàn ní àìsàn, kí wọ́n wo àwọn tó ti àárín wọn wá: ṣé ohun tí gbogbo wọn gbà ni, àbí òun nìkan ló ń sọ ọ́? Bí arákùnrin bá ní Ẹ̀mí tọ́ òun sọ́nà, ìjọ mọ ohun tó ń sọ. Bó bá ní rédíò ń dárúkọ òun, pé àwọn ará ilé òun ń fi májèlé sínú ẹ̀bà, tí kò sì sùn fún ọjọ́ mẹ́rin, ìjọ náà mọ̀ pé ìyẹn yàtọ̀.

Ibí yìí gan-an ni ọmọ Èkìtì ti wúlò. Ní 1960, dókítà ará Kánádà kan tó ti ṣiṣẹ́ ní Àró, Raymond Prince, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tó ń wá sọ pé orí àwọn ń gbóná, pé nǹkan ń rìn nínú orí àwọn, pé ìwé kò wọlé mọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é ní brain fag. Àwa tó ń gbàdúrà fún àwọn ọmọ lásìkò ìdánwò WAEC mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí ará ilé wa bá sọ fún dókítà òyìnbó pé nǹkan ń rìn lórí òun, ó lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé aláìsàn ń rí ohun tí kò sí. Ọmọ tí a bí ní Ìkòrò tàbí Òkè-Mẹ̀sí yóò mọ̀ pé bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, yóò sì bi í bóyá ó ń sùn, bóyá ẹnìkan kú nílé, bóyá owó ilé-ìwé ọmọ ti tó.

Ẹ̀mí wa kò tíì balẹ̀ lórí ohun kan, ìyẹn ni bí ìjọ yóò ṣe ṣe sí ọmọ náà ní àwọn ọdún ìkọ́ṣẹ́. Wọ́n máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru àti lọ́jọ́ Ìsinmi, pàápàá ní ọdún méjì àkọ́kọ́. Ohun tí wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu aláìsàn, wọn kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan pásítọ̀, nítorí náà ẹ má máa bi wọ́n pé ta ni wọ́n rí ní wọ́ọ̀dù. Bí ẹ kò bá rí ọmọ náà ní ìjọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má ì tí ì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn apẹ̀yìndà. Kí àwọn ìyá ìjọ kọ́kọ́ gbé oúnjẹ lọ bá a ní ilé-ìwòsàn.